Ẹni Tó Fi Ojú Mi Ra Fáànù ní Warri

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn tí ẹ ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé pé kí ni mo rí ní Warri, ẹ fa àga yín sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, ọ̀nà wà níbẹ̀, kó lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí bàbá mi tó fà mí padà sídìí òfì, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí kálàmù mi ti fẹsẹ̀ kọ, ẹ bá mi gbé e dìde kí a jọ máa lọ.

Ìlú tí ilẹ̀ kì í ṣú

Ọ̀nà náà jìn. Lẹ́yìn Ọ̀rẹ ni igbó ti gbé wa mì, kò sì pọ̀ wá bọ̀rọ̀. Mo sùn, mo jí, igi kan náà ni mo ṣì ń rí, bí ẹni pé àwọn igi ló ń rìn tí àwa dúró. Nígbà tí a dé orí odò ní Sapẹ́lẹ̀, omi náà mọ́ gaara, ó dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo rí ojú ara mi nísàlẹ̀. Ojú náà rẹ́rìn-ín sí mi kí èmi tó rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ibẹ̀ pé ojú mi fẹ́ dá ìrìn-àjò tirẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Warri. Oòrùn wọ̀ lójú mi kòrókòró, mo sì ń retí òkùnkùn. Òkùnkùn ò dé. Ojú ọ̀run kàn pọ́n bí ẹyìn tó tó kó. Lọ́hùn-ún, lẹ́yìn igbó àbàtà, iná ńlá kan ń jó lẹ́nu páìpù, kò sẹ́ni tó ń koná mọ́ ọn, òjò ò sì lè pa á. Èémí epo rọ́bì ni àwọn òṣìṣẹ́ epo ní àwọn ń sun.

Agbassa ni mo dé sí, nínú ilé kan tí ìyá àgbà ará Ọ̀yọ́ kan ń gbé, Ìyá Raṣídì, tí wọ́n ń ta ọṣẹ dúdú. Wọ́n wò mí bí mo ṣe ń wo òkè, wọ́n ní, "Àjàní, má dúró de ilẹ̀ ṣíṣú o. Níbí, bí oorun bá ti kùn ọ́, sùn ni."

Àwọn àkùkọ Agbassa ti ya wèrè. Ọ̀kan wà ní àgbàlá wa tó kọ, tó kọ, títí ohùn rẹ̀ fi pin. Nígbà tó yá, ẹnu lásán ló ń yà, bí alága ìpàdé tí wọn ò gbọ́ mọ́. Òjìji méjì méjì ni kálukú ní, ọ̀kan ti òṣùpá, ọ̀kan ti iná epo. Mo rí ọkùnrin kan tó mutí yó, tó ń bá èkejì nínú tirẹ̀ jà, èkejì náà ló sì borí. Adìẹ ń yé ẹyin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nítorí wọ́n rò pé ọjọ́ méjì ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo jẹ nínú ẹyin náà.

Àwọn tó ń jẹ táàṣì

Aṣọ òfì ni mo gbé lọ. Nígbà náà, owó epo ń ṣàn ní Warri bí omi tó já odi, náírà ṣì tuntun, ó ń dún lọ́wọ́. Ọkùnrin kan ra òfì lọ́wọ́ mi, ó ní kí oòrùn má baà pa mọ́tò òun lára. Nígbà tí mo tún rí mọ́tò náà, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá tòun ti òfì lọ́rùn, ó ń yan bí ọba, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ka iwájú mi ni táàṣì. Bẹ́ẹ̀ ni, táàṣì, èyí tí ẹ̀yin ń fi sí agbádá kó lè dúró. Wọ́n á fi epo rò ó lórí iná títí á fi pọ́n, á sì máa fà bí ọmọ tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà: o gé e, kò gbà; o fà á, ó ń bọ̀. Ọbẹ̀ ẹyìn ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ẹja tútù nínú rẹ̀, pẹ̀lú ewé kan tó ń ta sánsán bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀. Mo jẹ ẹ́. Mo sọ fún yín, ẹ̀yìn mi tó ti ń tẹ̀ láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn nà ṣánṣán ní ọjọ́ náà, torí inú mi ti gba táàṣì.

Ará Warri kì í yọ́jú wo ènìyàn. Wọ́n á wò ọ́ tààrà, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n rí. Obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ dá mi dúró lọ́jà, ó na ìka sí àbàjà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi.

"Papa, na which cat scratch you so?"

Mo ní, "No be cat. Na my papa."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fún mi ní ẹja kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí n mú un lọ fún ológbò náà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìwà àwọn Urhobo, tí wọ́n pọ̀ níbẹ̀, tó mú kí àjò náà rọ̀ mí lọ́rùn. Bí ọmọ wọn bá pàdé àgbà, yóò tẹ orúnkún ba, yóò ní "Mígwo," ìyẹn ni pé mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Àgbà á dáhùn pé "Vrẹndo," dìde. A ò gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n orúnkún wa gbọ́ra yé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa gbà mí là.

Káàdì Màmá Èjírò

Ṣọ́ọ̀bù Màmá Èjírò wà lójú ọ̀nà Ogunu. Obìnrin Urhobo ni, ó sanra dáadáa, ohùn rẹ̀ sì tún tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Kò sí ohun tí kò sí níbẹ̀: mílíìkì, sàdíìnì, fáànù, rédíò, àti bẹ́ẹ̀dì onírin tó ń kọrin bí èèyàn bá ti jókòó lé e. Àwọn òyìnbó epo tó ń gbé Edjeba ló sọ fún un pé ní ìlú àwọn, ènìyàn lè fi káàdì ra ẹran, kó fi ra bàtà, kó má fọwọ́ kan owó títí oṣù á fi parí. Màmá Èjírò ní kí ló dé tí ti Warri ò ní rí bẹ́ẹ̀? Ó gé páálí, ó fi rọ́bà bò ó, ó sì ń fún àwọn oníbàárà tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́ rẹ, ìkejì rẹ̀ á wà lórí ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù.

Orúkọ nìkan ò tó fún un, torí náà ó máa ń fi bírò ya ohun tí yóò fi dá oníbàárà mọ̀. Ó ya irùngbọ̀n fún ẹnì kan, ó ya eyín tó ká fún ẹlòmíràn. Nígbà tó kàn mí, ó gbá àgbọ̀n mi mú, ó yí ojú mi síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sì ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì pẹ̀lú àbàjà tó wà níbẹ̀, kò fi ilà kankan sílẹ̀.

"Papa Aṣọ," ó ní, orúkọ tí gbogbo ọjà ń pè mí nìyẹn, "your face don do. No thief fit carry am run."

Mo wú bí búrẹ́dì. Òótọ́ ni pé ní gbogbo Warri, mi ò tíì rí ẹlòmíràn tó kọ irú ilà yẹn. Mo gbàgbé pé nílé, àwọn agbo ilé wa kún fún un bí ewé oko.

Ẹ ó bi mí pé kí ni mò ń fi káàdì ṣe. Inú gíláàsì kan nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà, dúdú, òdòdó wúrà lára rẹ̀, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ti lékèélékèé tó fẹ́ mumi. Sàlámátù, ìyàwó mi, ti ń fi ọwọ́ ránṣọ títí abẹ́rẹ́ fi mọ ìka rẹ̀ ní orúkọ. Ọjọ́ tí mo ń lọ, ó ní, "Bàbá Tàwá, bí ẹ ò bá ní gbé ẹ̀rọ bọ̀, ẹ kúkú dúró síbẹ̀, kí n ṣì máa rò pé ẹ ń gbé e bọ̀." Màmá Èjírò sì ti ṣèlérí fún mi: bí káàdì mi bá mọ́ tónítóní títí oṣù fi parí, òun á gbé ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́ láwìn, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀.

Fáànù tí mi ò rí

Mo ṣọ́ káàdì yẹn títí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ mi. Mo rán àpò sínú ṣòkòtò mi fún un. Mo fi kírun, mo fi wẹ̀, ṣebí rọ́bà wà lára rẹ̀. Bí mo bá sùn, mo máa ń rí i lójú àlá, tó ń wọ́ lọ lórí omi bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, tí àwọn ilà mi ń wa á.

Àfi ọjọ́ tí mo dé ṣọ́ọ̀bù tí Màmá Èjírò fi ẹ̀rín pàdé mi.

"Papa Aṣọ, how the fan? E dey blow?"

"Which fan?"

"The fan wey you carry go house now!"

Ó ní èmi ni mo wọlé, mo ní mo gbàgbé káàdì sílé, mo sì na ẹ̀rẹ̀kẹ́ síwájú. Òun wo ti orí ìṣó, òun wo ti ara mi, ilà bá ilà mu. Mo bi í bóyá irùngbọ̀n funfun mi yìí wà lójú ẹni tó wá náà. Ó ní kò sí. Ó ní mo sọ fún òun pé mo ti fá a, àti pé ọbẹ̀ ẹyìn Warri ló sọ mí di ọ̀dọ́.

Kí n má purọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn díẹ̀, kí n tó rántí pé èmi kọ́.

A jọ ronú sí i. Ó ní kí n yan ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ní Warri. Ẹni tó bá wá rajà lórúkọ mi, á kọ́kọ́ sọ ọ́ sí òun létí. Ọjà ń pè mí ní Papa Aṣọ. Ìwé ń pè mí ní Làmídì. Mo fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, mo ní, "Àjàní." Oríkì tí ìyá mi fi ń ṣìpẹ̀ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Mo rìn padà sílé bí ẹni tó ti gbé wúrà rì sísàlẹ̀ odò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ta ló ń fi oríkì pamọ́ nínú wa? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyẹn bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Raṣídì bí mo ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì gbóhùn sókè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe: "Àjàní o! Àjàní ọkọ mi! Àjàní tó ń sùn bí ẹni pé ilẹ̀ ṣú!" Gbogbo Agbassa gbọ́ ọ. Àkùkọ tí ohùn rẹ̀ ti pin pàápàá yíjú wò mí.

Kò pẹ́ sí i tí rédíò ńlá kan fi tún jáde lórí ojú mi.

Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá Èjírò ò rẹ́rìn-ín. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gbé e kọ́ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí mi. Ó ní ẹni náà sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí òun létí kedere. Ó ní bí mi ò bá rí olè náà kí oṣù tó parí, òun á gé ojú mi sí wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ á lọ sílé ẹlòmíràn, kò sì tún ní sí Yorùbá kankan tí yóò gba káàdì lọ́wọ́ òun mọ́.

Ojú mi wọlé

Mo kó ọjà mi wá sí ṣọ́ọ̀bù náà, mo jókòó sẹ́yìn àpò ìrẹsì, mo ń dúró de ara mi.

Bí ènìyàn bá jókòó pẹ́ lábẹ́ fáànù, ayé á máa yí bọ̀ bọ̀ bọ̀. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi lọ́nà jíjìn, ó ń kùn bí ìyá tó ń rẹ ọmọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà tẹ ọrùn sí mi nínú gíláàsì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ó ń béèrè ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ́wọ́ mi. Òjò Warri bẹ̀rẹ̀, òjò tí kì í kán sílẹ̀, ṣe ló máa ń dúró sójú ọ̀nà bí ògiri. Ẹja kan lúwẹ̀ẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, kò tiẹ̀ yà kí wa. Bóyá mo sùn, bóyá mi ò sùn, ibẹ̀ ni mo wà tí ojú mi fi wọlé.

Ojú mi ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Ti ìgbà tí mò ń fẹ́ Sàlámátù. Àbàjà náà ni, ilà fún ilà. Omi ń kán lára rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ̀rọ̀ sí Màmá Èjírò létí, ó sì nawọ́ sí áyọ́ọ̀nù tó wà lókè.

Mo dìde láti ẹ̀yìn àpò ìrẹsì. Màmá Èjírò wo èmi, ó wo òun, ó gbá orí mú.

"Chai! Dem don plenty!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò wo ojú mi. Páálí orí ìṣó ló ń wò tó fi ń pariwo pé, "Madam, na him be the thief! The old man don thief my face!"

Mo ní, "Me wey carry am before dem born you? The one for your neck na second-hand!"

Ó ní òun mọ ọ̀rọ̀ náà: Àjàní. Mo ní èmi náà mọ̀ ọ́n: Àjàní. Àwọn oníbàárà tó sá òjò wọlé ń pàtẹ́wọ́. Màmá Èjírò ní ẹni méjì tó mọ kọ́kọ́rọ́ kan náà, olè méjì ni lójú òun. Ó mú sísọ́ọ̀sì lórí ìṣó. Ó mú páálí mi dání. Lójú inú mi, mo rí Sàlámátù níwájú ilé, tó ń fọwọ́ ránṣọ, tó ṣì ń rò pé mò ń gbé e bọ̀.

Mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin náà. Mo dẹ́kun ariwo. Mo kàn rọ ohùn sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, bí àwọn obìnrin ilé wa ṣe máa ń kì wá lówùúrọ̀:

"Ọmọ ahunṣọ má hun ìtìjú,
ọmọ òwú funfun tí í dúró de òjò,
ọmọ ọ̀kọ̀ tí í sáré lórí òfì tí kì í rẹ̀ ẹ́.
Bàbá rẹ ta aṣọ fún ọba, kò ta orúkọ.
Ìyá rẹ wọ àkísà lọ sóko, ó fi sányán pọ̀n ọ́ bọ̀ wálé…"

Ẹ ò bá wò ó. Ọwọ́ tó nà sí áyọ́ọ̀nù kọ́kọ́ wálẹ̀. Èjìká rẹ̀ rọ̀. Ó ń bá ara rẹ̀ jà, mo rí i, ó ń sọ fún orúnkún rẹ̀ pé kó má dá òun. Ṣùgbọ́n orúnkún tí wọ́n bí ní Ìsẹ́yìn, ìyẹn ò gbọ́ Pijin. Nígbà tí mo dé orí ìyá rẹ̀, fìlà ti kúrò lórí, àyà ti kan sìmẹ́ǹtì gbalaja.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bàbá," ó ní. "Ẹ kú àjò. Ẹ má bínú."

Òjò nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Màmá Èjírò ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n ọmọ Urhobo ni, ó mọ ohun tí àyà tó kan ilẹ̀ ń sọ.

"Ehen," ó ní, ó rọra gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. "Person wey get card no dey migwo thief." Ó wá yíjú sí mi. "Papa Aṣọ, tell your pikin vrẹndo."

Mo ní kó dìde.

Ohun tí oríkì gbà lọ́wọ́ mi

Múfútáù ni kí a pè é. Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ epo ló wá ṣe ní Warri, kò rí i ṣe. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù náà ló rí ilà ara rẹ̀ lórí ìṣó. Ọṣẹ ló wá rà lọ́wọ́ Ìyá Raṣídì lówùúrọ̀ ọjọ́ tó gbọ́ tí wọ́n ń pè mí. Fáànù wà ní yàrá rẹ̀, ó lọ gbé e wá.

"Rédíò ńkọ́?" mo bi í.

Ó wolẹ̀. "Ó ti lọ sílé, bàbá. Mo fi rán ìyá mi. Wọ́n rò pé mo ti ríṣẹ́."

Àwọn oníbàárà ní kí a pe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ìyà tó wà nínú kíki ọmọ nìyẹn: ẹni tí o bá fi ẹnu ara rẹ kì, o ò lè fi ọwọ́ kan náà fà á fún ọlọ́pàá. Mo sọ fún Màmá Èjírò pé kó kọ rédíò náà mọ́ mi lọ́rùn. Ṣebí ojú mi ló rà á.

Ó lọ ṣí gíláàsì. Ó ní ẹni tó bá lè san ohun tí kò mú, bí òun ò bá fún un ní ohun tó fẹ́ mú, ta ni òun fẹ́ fún? Múfútáù ló gbé ẹ̀rọ náà rù dé Agbassa nínú òjò, mò ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ọrùn lékèélékèé náà ń mì lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń gbà pẹ̀lú gbogbo ohun tí mò ń sọ.

Ilé

Ẹ̀rọ ti dé, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ láràárọ̀. Sàlámátù ní òun ò mọ̀ pé mo lè bọ̀ ní tòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àjò, mi ò ní ìmọ̀ràn púpọ̀: ẹ fi káàdì sínú ṣòkòtò, ó dáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìyá yín fi ń kí yín lówùúrọ̀, ẹ má fi ṣe kọ́kọ́rọ́. Mo ti yan òmíràn. Sàlámátù ti bi mí títí, ó ti se ẹran lé e, mi ò sọ.

Ẹ má sì bi mí agbo ilé tí rédíò náà wà. Ìyá arúgbó tó ni ín kì í ka ìwé, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ka ohun tí mo kọ yìí sí i létí. Nígbà tí mo lọ kí i, ó sọ fún mi pé ọmọ òun ti ń jẹun Warri, ó tan rédíò náà kí n lè gbọ́ bó ṣe ń ké. Mo ní ó kú oríire. Mo fa àga.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọjá nírọ̀lẹ́ tí ẹ gbọ́ rédíò tó ń kọrin, tí ẹ rí bàbá kan tó fẹ̀yìn ti àga bí onílé, tó di ojú, tó ń mirí, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó kí i.